Ẹ Bi Wá: Belle-Poule mẹ́rin, Topaze mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbi gbogbo tí ìwé yìí ń dé. Oṣù tó kọjá, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi. Ìlà méjì péré ni mo kọ nípa Belle-Poule, ọkọ̀ ogun onígbòkun àwọn Faransé láyé àtijọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi bí lẹ́tà ṣe ń wọlé tí wọ́ọ̀sáàpù ń ké títí di òru, ẹlòmíì ò tiẹ̀ kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Kò burú. Ojú ewé wa toṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan la máa fi ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ìwé ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Belle-Poule tó bá Gẹ̀ẹ́sì jà lọ́dún 1778 náà ló lọ gbé òkú Napoleon, olú ọba Faransé àtijọ́, wálé lọ́dún 1840. Ẹ jọ̀ọ́, pákó wo ló máa wà nínú omi iyọ̀ fún ọdún 62 tí ò ní jẹrà? Bàbá mi ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà níbí, ọkọ̀ tó bá lo ọdún 15, wọ́n máa ń kí olówó ẹ̀ kú oríire ni."
Ọmọ Akànkọ̀, Àjàṣẹ́

Mo jẹ̀bi, ẹ má nà mí. Kì í ṣe ọkọ̀ kan náà. Ọkọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ́ Belle-Poule lọ́wọ́ àwọn ológun ojú omi Faransé, èmi wá lọ mú ìtàn àkọ́kọ́ mo so ó mọ́ ìtàn ẹ̀kẹta, bí ẹni mú orí ẹja kan tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrù òmíì. Fótò tí mo wò ò ní ọdún lábẹ́, mo sì ń kánjú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò ó. Ti àkọ́kọ́, Bordeaux ni wọ́n ti kàn án, kí ọdún 1770 tó pé. Òun ló pàdé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Arethusa lójú òkun ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1778. Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀gákọ̀ Faransé, La Clocheterie, tẹ̀ lé òun kó wá rí ọ̀gá àgbà àwọn, La Clocheterie ní òun ò lọ sọ́dọ̀ ẹnì kankan, ibẹ̀ ni àgbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ṣú, òpó ńlá Arethusa dá, oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ìjà yẹn ni Faransé kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ogun tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí òmìnira Amẹ́ríkà. Ìròyìn dé Paris, inú àwọn obìnrin ọlọ́lá dùn débi pé wọ́n ń gbé ọkọ̀ sórí. Mo ní wọ́n ń gbé ọkọ̀ sórí o! Wọ́n á di irun sókè fíofío, wọ́n á wá gbé ọkọ̀ kékeré lé e tòun tòpó tòun tìgbòkun, wọ́n á ní irun Belle-Poule làwọn dì. Ẹ̀yin onídìrí tẹ́ ẹ wà ní Wàndó, ṣùkú tẹ́ ẹ ń dì yẹn, eré ni.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ẹ̀, ní 1780, Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ọ̀hún. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọn ò sì yí orúkọ ẹ̀ padà, ó ń jẹ́ Belle Poule lọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kejì, Nantes ni wọ́n ti kàn án, ó bọ́ sómi lọ́dún 1802, Gẹ̀ẹ́sì tún mú òun náà ní 1806, wọ́n tún fi orúkọ sílẹ̀ fún un. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé pé Belle Poule wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ tọ̀hún.

Ẹ̀kẹta ló gbé Napoleon. Ó bọ́ sómi ní Cherbourg lọ́dún 1834, àgbá 60 ló rù. Lọ́dún 1840, ọmọ ọba Louis-Philippe tí wọ́n ń pè ní Prince de Joinville ló ṣe ọ̀gákọ̀ ẹ̀ lọ sí erékùṣù Saint Helena, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì fi Napoleon sí títí tó fi kú ní 1821. Wọ́n kun gbogbo ara ọkọ̀ náà ní dúdú torí òkú tí wọ́n fẹ́ gbé. Wọ́n kúrò ní Toulon loṣù keje, ó di ìparí oṣù kọkànlá kí wọ́n tó padà sí Cherbourg, ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ni wọ́n gbé òkú wọ Paris.

Ẹ̀kẹrin ṣì wà láàyè! Ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí wọ́n kàn ní Fécamp lọ́dún 1932, òun àti ìkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ Étoile, bí ìbejì ni wọ́n rí, kò sí àgbá nínú ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ológun ojú omi ní Brest ni wọ́n ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun. Nígbà ogun Hitler, Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì sá lọ, wọ́n dúró ti de Gaulle, olórí àwọn Faransé tó kọ̀ láti tẹrí ba fún Hitler.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, torí poule, adìẹ ni. Adìẹ Arẹwà, ṣé orúkọ ọkọ̀ ogun nìyẹn? Àwọn kan ní kì í ṣe adìẹ rárá, pé obìnrin kan ló wà ní Toulouse láyé àtijọ́, Paule lorúkọ ẹ̀, ó rẹwà débi pé ọba fúnra ẹ̀ ló ń pè é ní la belle Paule, ẹnu ayé ló wá sọ Paule di Poule. Èyí wù mí ju tadìẹ lọ.

Ti pákó tẹ́ ẹ wí wá ńkọ́? Níbẹ̀, ẹ ò jàre tán. Océan, ọkọ̀ ńlá alágbàá 118, ó bọ́ sómi lọ́dún 1790, ó di 1855 kí wọ́n tó tú u. Igi óákì ni wọ́n fi ń kàn wọ́n, wọ́n sì máa ń gbé wọn wọ ibi ìtúnṣe léraléra, ẹ̀gbẹ́ tó bá rà wọ́n á yọ ọ́ wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹ bá mi kí bàbá.

"Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún ni pé wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ Faransé tó ń jẹ́ Topaze lórí odò Wẹ̀mẹ̀ lọ́dún 1892, tí ogun Béhanzin, ọba Dàhòmì, fi bẹ́ sílẹ̀. Àfi bí ọmọ ọmọ mi ṣe gbé fóònù dé, tó ní 'Bàbá àgbà, Gẹ̀ẹ́sì ti gba Topaze láti 1793.' Mo ní irọ́ ni. Ó tún wá ibòmíì, wọ́n ní 1809 ni. Èwo ni ká gbà? Àbí Gẹ̀ẹ́sì dá a padà ni?"
Tíṣà Àtijọ́, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin ò purọ́, ọmọ náà ò sì purọ́. Topaze mẹ́ta lẹ rí yẹn.

Fírígéètì, ìyẹn ọkọ̀ ogun onígbòkun tó yára, ni Topaze ti 1790. Nígbà tí ìlú Toulon bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1793, wọ́n kó o mọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Faransé tún ṣe Topaze míì ní 1805, fírígéètì ni òun náà, Gẹ̀ẹ́sì lé e bá ní Guadeloupe ní oṣù kìíní ọdún 1809, wọ́n gbà á. Ìyẹn ló dà bí àwàdà, torí Topaze àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó ṣì ń jẹ́ Topaze, ẹ̀kejì yìí wá di Jewel, wọ́n tún sọ ọ́ di Alcmene. Ká ní wọn ò yí i padà ni, ẹ rò ó wò, ọkọ̀ Faransé méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà, méjèèjì lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà, akọ̀wé tó ń pín oúnjẹ á ya wèrè.

Topaze tiwa, ti 1892, kò tan mọ́ wọn rárá ju orúkọ lọ. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnnì atèéfín ló ń lò, ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè rìn nínú odò tí ò jìn. Ẹ mọ Wẹ̀mẹ̀ yẹn dáadáa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọmọ kékeré lè fi ọ̀pá kan ilẹ̀ ẹ̀ níbòmíì, fírígéètì alágbàá ogójì tó ń fẹ́ omi tó tó mítà márùn-ún kó tó léfòó, ibo ló fẹ́ gbà wọ ibẹ̀? Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1892, Victor Ballot tó jẹ́ aṣojú ìjọba Faransé ní Àjàṣẹ́ níbí wọ inú ẹ̀ gòkè odò lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti rọ̀jò ìbọn lù wọ́n, àwọn kan fara gbọgbẹ́. Ohun tí Paris ń wá nìyẹn. Kí ọdún náà tó parí, Dodds, ọ̀gágun ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ti wọ Abomey, olú ìlú Dàhòmì. Nígbà ìjà Dogba, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, irú àwọn ọkọ̀ kékeré yìí ló dúró sórí odò tí wọ́n ń yin àgbá sínú igbó.

Orúkọ wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Topaze, Opale, Corail. Òkúta iyebíye ni méjì àkọ́kọ́, Corail sì ni iyùn. Iyùn! Ohun tọ́ba ń so mọ́rùn ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ tí wọ́n fi wá mú ọba. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ronú débẹ̀ o, èmi ni mo rò ó.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ojú ewé, Bàbá, ẹ fi èyí kún un fáwọn ọmọ. Lọ́dún 1890, ọkọ̀ ogun ńlá kan wà níwájú Kútọnu tó ń jẹ́ Sané. Jacques-Noël Sané ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ, ó gbé ayé láti 1740 dé 1831, òun ló ya àwòrán tí wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, Océan tí mo dárúkọ lókè wà nínú iṣẹ́ ẹ̀, àwòrán alágbàá 74 tó yà, ọkọ̀ tí wọ́n fi kàn lé ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá tó kan ọkọ̀, òun náà di ọkọ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka nípa Soleil-Royal, wọ́n ní ó jóná, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ òmíì, òun náà tún jóná. Lọ́dọ̀ wa, tọ́mọ bá ń wá tó ń lọ, a mọ orúkọ tí à ń sọ ọ́. Ṣé àwọn Òyìnbó yìí ò bẹ̀rù ni? Kí ló dé tí wọn ò ju orúkọ burúkú yẹn nù?"
Ìyá Ìbejì, Kétu

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Ìbéèrè yín yìí ló dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo wọn.

Òótọ́ ni. Soleil-Royal àkọ́kọ́, Brest ni wọ́n ti kàn án, 1669 ló bọ́ sómi, àgbá ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ère tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí ẹ̀, wúrà ni wọ́n fi kùn ún. Òòrùn Ọba nìtumọ̀ ẹ̀, torí ọba Louis kẹrìnlá, òòrùn lòun náà ń pe ara ẹ̀. Lọ́dún 1692, Tourville, ọ̀gá àgbà ológun ojú omi Faransé, wà nínú ẹ̀ nígbà tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn Dọ́ọ̀ṣì jà ní Barfleur, ọkọ̀ tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiẹ̀, ó jà bí ọkùnrin, àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀ fọ́ yánnayànna, wọ́n wọ́ ọ dé Cherbourg, Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ tó kún fún iná sí i, ó jóná ráúráú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúkọ náà ti wà lára ọkọ̀ míì. Ó tún dé ara òmíì ní 1749. Ìyẹn ni Conflans, ọ̀gá àgbà ológun ojú omi Faransé nígbà yẹn, gbé lọ sógun Quiberon ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1759, ìjì ń jà, òkúta pọ̀, ilẹ̀ mọ́ tí Conflans rí i pé àárín àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun sùn sí, ó sá, ó lọ gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní Le Croisic, àwọn Faransé fúnra wọn ló dáná sun ún kí ọ̀tá má bàa gbé e lọ.

Kí ló dé tí wọn ò jù ú nù? Torí orúkọ náà kì í ṣe ti pákó, ti ọba ni. Tí iná bá jó Òòrùn Ọba lónìí, tí kò sí Òòrùn Ọba míì lọ́la, a jẹ́ pé ọ̀tá ti pa òòrùn nìyẹn, kò ṣeé gbọ́ létí. Àwa náà ní irú ẹ̀ kẹ̀. Bàbá àgbà kú, wọ́n bí ọmọ, a ní Babátúndé, ṣé a ní ikú tó pa bàbá náà ń bọ̀ wá mú ọmọ ni? Rárá. Ohun tẹ́ ẹ ń sọ nípa Dúrójayé àti Málọmọ́, ọ̀nà míì nìyẹn, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ ni, tàwọn Faransé yìí, agídí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Tí ìjọba bá yí padà, kíá ni wọ́n á yí orúkọ padà. Royal-Louis jẹ́ orúkọ tí wọ́n lò látìgbà Louis kẹrìnlá, tọ̀kan bá lọ, òmíì á gbà á. Nígbà tí wọ́n lé ọba lọ lọ́dún 1792, Royal-Louis tó wà nílẹ̀ di Républicain lójú ẹsẹ̀. Océan tiwa yẹn, États de Bourgogne ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ó di Côte d'Or, ó di Montagne, ó di Peuple, kó tó wá di Océan, gbogbo ẹ̀ kò ju ọdún márùn-ún lọ láti ìgbà tó ti bọ́ sómi. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Impérial ti Toulon, ọkọ̀ ọdún 1811. Napoleon ṣubú ní 1814, wọ́n ní Royal-Louis lá máa jẹ́. Napoleon padà dé ní 1815, wọ́n ní ó di Impérial. Napoleon tún ṣubú lọ́dún yẹn kan náà, ó tún di Royal-Louis. Ọkọ̀ kan náà o, tí kò kúrò lójú kan! Ẹni tó ń kun orúkọ sí ìdí ọkọ̀ yẹn á ti jẹun dáadáa.

Ti orúkọ burúkú, Méduse ni mo máa ní wọn ì bá jù nù. Obìnrin tí irun orí ẹ̀ jẹ́ ejò ni Méduse nínú àlọ́ àwọn Gíríìkì. Fírígéètì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gà, lọ́dún 1816, Chaumareys tí wọ́n fi ṣe ọ̀gákọ̀, ó ti lé lógún ọdún tó wa ọkọ̀ gbẹ̀yìn, ó lọ fi orí sọ iyanrìn ní Arguin, létí òkun Mọriténíà. Ọkọ̀ kékeré tó wà nínú ẹ̀ ò gba gbogbo èèyàn, wọ́n wá so igi pọ̀, wọ́n kó nǹkan bí 150 lé e, wọ́n ní àwọn á máa fà wọ́n, nígbà tó yá wọ́n já okùn wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ 13 lẹ́yìn ẹ̀ tí ọkọ̀ míì fi rí wọn, èèyàn 15 ló kù. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ níbẹ̀, ojú ewé ìdílé lèyí.

"Wọ́n ní ká dárúkọ ọkọ̀ Faransé kan tó jà ní Trafalgar. Mo kọ Swiftsure. Tíṣà fi bíìrò pupa fà á, ó ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ṣé mo kùnà lóòótọ́?"
Ọmọ Lísè, Kétu

Ọmọ mi, o ò kùnà. Fi ìwé yìí han tíṣà, ṣùgbọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ hàn án o, má lọ bá a jà.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1805 ni ogun ojú omi Trafalgar, létí òkun Sípéènì. Ọkọ̀ ńlá 27 ni Gẹ̀ẹ́sì kó wá, Faransé kó 18, Sípéènì kó 15. Swiftsure méjì ló wà níbẹ̀. Faransé ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1801, wọn ò yí orúkọ padà, Gẹ̀ẹ́sì wá kan òmíì, wọ́n fún un lórúkọ kan náà. Méjèèjì pàdé lójú ogun, ọ̀kan ní apá ibí, ọ̀kan ní apá ọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì gba ti Faransé padà lọ́jọ́ náà, torí Swiftsure ti wà nílé, wọ́n sọ ọ́ di Irresistible. Berwick náà wà lọ́dọ̀ Faransé, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun náà tẹ́lẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Neptune wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Neptune wà lọ́dọ̀ Faransé, Neptuno wà lọ́dọ̀ Sípéènì, gbogbo wọn lọ pe òrìṣà òkun kan náà wá sógun, ta ló máa dá lóhùn? Achille méjì ló wà, ti Faransé gbiná ó sì bú gbàmù. Tonnant àti Spartiate, orúkọ Faransé pọ́ńbélé, apá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, torí Nelson, ọ̀gá àgbà ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ti kó wọn ní Íjíbítì lọ́dún 1798. Téméraire tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ń yangàn sí, ọkọ̀ Faransé kan tí wọ́n mú ní 1759 ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orúkọ nìkan mọ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ní Trafalgar á yìnbọn lu ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ HMS síwájú orúkọ ọkọ̀ wọn. Kí ni Faransé máa ń kọ?"
Oníbéèrè Kúkúrú, Àjàṣẹ́

Faransé kì í kọ nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Orúkọ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ ìtàn fi máa ń fi ọdún sí i, Belle-Poule (1802), Belle-Poule (1834), ọdún tó bọ́ sómi nìyẹn. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ loṣù tó kọjá ni, mi ò bá ti sùn.

"Ṣé èèyàn lè fojú rí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ onígbòkun yẹn lónìí, àbí gbogbo ẹ̀ ti tán?"
Olówó Zẹ́mí, Ṣábẹ̀ẹ́

Hermione. Ti àtijọ́, Rochefort ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1779, òun ló gbé Lafayette, ọ̀gágun Faransé tó ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú ogun òmìnira, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1780, 1793 ló fọ́ ní Le Croisic, ibẹ̀ yẹn náà ni Soleil-Royal ti jóná, ibẹ̀ ò dáa. Lọ́dún 1997 àwọn èèyàn Rochefort kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn á tún un kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, pákó, ìṣó, okùn, gbogbo ẹ̀ bíi tàtijọ́, ó gbà wọ́n lọ́dún tó lé ní 15, ó sì wa ara ẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 2015. Lẹ́yìn náà ni olú wú sínú igi ẹ̀, wọ́n gbé e jáde kúrò lómi fún àtúnṣe. Ọmọ Akànkọ̀, ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yín náà ló dé. Kẹ́ ẹ má sì kà á pọ̀ mọ́ Hermione ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn atukọ̀ ẹ̀ pa ọ̀gá wọn lọ́dún 1797, ìyẹn ọ̀tọ̀.

"Àbúrò mi wà ní Cherbourg, ó fi fótò ránṣẹ́, ó ní òun wọ inú Redoutable. Ọkọ̀ irin ni, abẹ́ omi ló ń rìn. Redoutable tí wọ́n ní inú ẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Nelson ńkọ́?"
Àgbẹ̀ Oníkajú, Ṣábẹ̀ẹ́

Ó ti wà nísàlẹ̀ òkun tipẹ́. Lucas ni ọ̀gákọ̀ ẹ̀ ní Trafalgar, ọmọ ogun kan tó wà lórí òpó ẹ̀ ló yìnbọn lu Nelson, ọkọ̀ náà rì lọ́jọ́ kejì. Tàbúrò yín, ọdún 1967 ni wọ́n gbé e bọ́ sómi, òun ni ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé àkọ́kọ́ tó ń gbé bọ́ǹbù átọ́mù tí wọ́n ń yìn lọ sọ́nà jíjìn, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí èèyàn ń sanwó wọ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí: Redoutable ti Trafalgar, Suffren lorúkọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i lọ́dún 1791, 1795 ló di Redoutable. Ní 2019, Cherbourg yẹn náà ni wọ́n ti fi ọkọ̀ abẹ́ omi tuntun han ayé, wọ́n sọ ọ́ ní Suffren. Ọkọ̀ kan láyé ìgbòkun, orúkọ rẹ̀ méjèèjì ti di ọkọ̀ abẹ́ omi méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ti èmi kì í ṣe tàwọn Faransé. Mo ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iyanrìn, àlòkù ni, wọ́n ti kọ DIEU MERCI sí i lára. Ọkọ̀ ẹnì kejì mi náà DIEU MERCI ni, tá a bá ti gúnlẹ̀ ìjà ni, oníbàárà á sanwó fún un á ní èmi lòun san án fún. Ṣé kí n yí i padà? Ẹni tó tà á fún mi ní kì í dáa."
Oníyanrìn, etí ọ̀sà, Àjàṣẹ́

Mo dé etí omi yẹn lánàá kí n tó kọ èyí. Mo ka DIEU MERCI mẹ́ta láàárín afárá àti ibi tí wọ́n ń já iyanrìn sí, ọ̀kan fi ọ̀dà búlúù, ọ̀kan fi funfun, ẹ̀kẹta ti ń ṣí, DIEU MER ló kù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Topaze kejì, wọ́n yí i padà, wọ́n tún un yí, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bó ṣe ń jẹ́, kẹ́ ẹ ra ọ̀dà pupa kékeré kan, ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ rà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gàdàgbà. Ẹ sì sọ fún ẹnì kejì yín pé kó kọ tiẹ̀.